Nínú yàrá fèrè mi ń dún dáadáa, níwájú ìjọ ìka mi ń kú. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Fèrè Òkè-Fìà:

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Sasofóònù alto ni mò ń fọn ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní agbègbè Òkè-Fìà níbí ní Òṣogbo. Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe, nítorí náà alẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, ni mo máa ń ráyè gbé fèrè.

Ohun tó ń ṣe mí nìyí. Tí mo bá wà nínú yàrá mi, mo lè fọn orin kan láti òkè délẹ̀ láìṣì nóòtì kan ṣoṣo. Àwọn ará ilé wa gan-an máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n lè gbọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sá ti pe orúkọ mi níwájú ìjọ, kí n rìn dé ibi máìkì, ó tán. Ẹnu mi á gbẹ, àyà mi á máa lù kìkìkì, ìka mi á le gan-an. Ohùn fèrè á wá tínrín, á sì máa han. Ibì kan náà ló sì máa ń ṣẹlẹ̀ sí mi jù: ẹsẹ kẹta, níbi tí olórí akọrin wa ti máa ń gbé orin kúrò ní ohùn F lọ sí G tó ga jù ú lọ. Orúkọ tí alto ń pe ohùn yàtọ̀ sí ti kíbọ́ọ̀dù: F ti kíbọ́ọ̀dù, D ni lórí alto, G sì ni E, nítorí náà mo ní láti kúrò ní D lọ sí E. Tí mo bá ti ṣì í níbẹ̀, n kì í mọ ibi tí mo máa gbà wọlé padà. Àfi kí n gbé fèrè sílẹ̀ lẹ́nu, kí n dúró de ègbè.

Ẹ má rò pé n kì í dánra wò o. Lálaalẹ́ ni mò ń fọn orin náà, léraléra, títí tí yóò fi yọ̀ geere kí n tó lọ sùn. Ìkórè wa ń bọ̀ lóṣù kọkànlá, wọ́n sì ti kọ orúkọ mi sínú ètò fún orin pàtàkì. Bàbá díákónì kan wà tí wọ́n máa ń jókòó níwájú pátápátá, tí wọ́n á ká ọwọ́ mọ́ àyà, tí ojú wọn ò ní kúrò lára mi. Tí mo bá ti fojú kàn wọ́n báyìí, gbogbo rẹ̀ á dàrú.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n fi kún wákàtí tí mo fi ń dánra wò ni, àbí ẹ̀rù yìí ni kí n kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí? Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù sọ pé oògùn kan wà tí àwọn olórin máa ń lò kí ọwọ́ wọn má baà gbọ̀n. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ dá mi lóhùn o. Ẹ ṣeun.

Kàkàkí Ìgbọ̀nà:

Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́. Trumpet ni tèmi, ṣùgbọ́n mo ti bá àwọn onísasofóònù dúró pẹ́. Ohùn tó ń han yẹn, àgbọ̀n ló fà á. Tí ẹ̀rù bá ba èèyàn, àgbọ̀n á le, eyín á fún ẹnu fèrè mọ́, rẹ́ẹ̀dì, ìyẹn pẹlẹbẹ tínrín tó ń mì lẹ́nu fèrè kí ohùn tó jáde, ò ní ríbi mì. Ohùn á wá gòkè ju bó ṣe yẹ lọ, á tínrín, nígbà mìíràn á han gooro. Ẹ jẹ́ kí àgbọ̀n yín rọ̀ wálẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ yán.

Ẹ̀ẹ̀kejì, èémí. Kí ẹ tó dé ibi máìkì, ẹ tú èémí inú yín sílẹ̀ pátápátá, ẹ má tíì fa òmíràn. Tí ìyẹn bá ti jáde tán, afẹ́fẹ́ tuntun á wọlé fúnra rẹ̀, á sì lọ sí ìsàlẹ̀ ikùn níbi tí ẹ ti máa lò ó. Nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà wá, ńṣe la máa ń fa èémí lé èémí, àyà á kún fọ́fọ́, kò sì ní sí ohun tí a máa fi fọn. Ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀ nígbà ìwàásù, ẹ sì jẹ́ kí rẹ́ẹ̀dì tutù lẹ́nu yín kí wọ́n tó pè yín.

Ti bí ẹ ṣe ń dánra wò, mo fi sílẹ̀ fún Ìyá Dùùrù. Mo mọ̀ pé wọ́n á yọjú.

Ìyá Dùùrù:

Mo ti yọjú. Ọmọ mi, mo kí ọ. Dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ni mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, mo ń tẹ kíbọ́ọ̀dù náà, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ náà ní pálọ̀ mi. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, fara balẹ̀ kà á.

Gbólóhùn kan nínú ohun tí o kọ ló mú mi jókòó. O ní o ń fọn orin náà léraléra títí tí yóò fi yọ̀ geere. Jẹ́ ká wo ibẹ̀ dáadáa ká tó dé ọ̀dọ̀ bàbá díákónì. Nígbà tí o bá fọn orin kan tán tí o tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, tí o tún tún un bẹ̀rẹ̀, ìka rẹ ti gbóná, etí rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ tán ni, o ò nílò láti rántí ohunkóhun. Gbígbóná ọwọ́ ló ń bá ọ ṣiṣẹ́ yẹn. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ó ti tutù. Ṣùgbọ́n o ti bá ìdùnnú lọ sùn, o sì ti gbà pé o ti mọ̀ ọ́n.

Níwájú ìjọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún èèyàn. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé kí o tún un fọn nítorí ọwọ́ rẹ ò tíì gbóná. Èyí tí o fọn kẹ́yìn lálẹ́ kọ́ ni wọ́n máa gbọ́. Èyí tó jọ ti àkọ́kọ́ ni wọ́n máa gbọ́, nígbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fèrè jáde nínú àpótí. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ohun tí mo máa ń bi gbogbo ọmọ tó bá wọ pálọ̀ mi ni pé: ti àkọ́kọ́ òní ńkọ́? Ọmọ tó bá ní "Mà, mo mọ̀ ọ́n ní àná," màá ní kó jókòó kó tẹ̀ ẹ́ nísinsìnyí, kí ó tó bọ́ báàgì lẹ́yìn. Ohun tó bá jáde ni iye tó mọ̀.

Àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ti rí èyí tipẹ́. Ní 1979, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Shea àti Morgan, kọ́ àwọn èèyàn ní iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́ta kan. Wọ́n ní kí àwọn kan ṣe ọ̀kan láṣetán kí wọ́n tó kan òmíràn. Wọ́n ní kí àwọn yòókù máa dà wọ́n pọ̀ mọ́ra, kí wọ́n ṣe tibí díẹ̀, kí wọ́n ṣe tọ̀hún díẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, àwọn tó ń ṣe ọ̀kan láṣetán ló ń yára jù, ẹni tó bá ń wò wọ́n á ní wọ́n ti gbà á. Nígbà tí wọ́n wá dán gbogbo wọn wò lẹ́yìn náà, àwọn aládàlù ló rántí jù. Èyí ló ń tan ọ̀pọ̀ olórin jẹ: ibi tí ara ti ń rọ ọ́ lè má jẹ́ ibi tí o ti ń kọ́ nǹkan.

Nítorí náà má fi kún wákàtí. Tó bá jẹ́ èmi, bí mo ṣe máa ṣe é nìyí. Máa gbé fèrè, fọn sikélì D àti ti E, ìyẹn àwọn nóòtì wọn ní títẹ̀léra, díẹ̀ kí rẹ́ẹ̀dì lè jí. Tan fóònù rẹ kó máa gba ohùn sílẹ̀. Fọn orin ìkórè náà lẹ́ẹ̀kan, láìdúró. Tí o bá ṣì í, máa lọ. Lẹ́yìn náà, gbọ́ ọ, kí o sì fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ibi tó ti yẹ̀ lórí bébà orin rẹ. Ibi tí o fàlà sí nìkan ni iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ yẹn. Gbogbo ìyókù orin náà, fi sílẹ̀, ó ń lọ tẹ́lẹ̀.

Ti F sí G yẹn, má bẹ̀rẹ̀ láti òkè mọ́. Mú ìlà tó parí ẹsẹ kejì ní D, so ó mọ́ ìlà tó bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kẹta ní E. Méjèèjì yẹn péré. Ṣe é fún ìgbà díẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí o wá fi í sílẹ̀ lọ bá orin mìíràn tí ẹ máa lò lọ́jọ́ Ìsinmi. Nígbà tó bá ti fẹ́ kúrò lọ́kàn rẹ, padà wá bá a. Ó máa nira ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Inú rẹ ò ní dùn sí i. Fara dà á, nítorí ìgbà tí èèyàn bá ń tiraka láti rántí nǹkan ni nǹkan náà ń wọ̀ ọ́ lára.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń ní kí àwọn ọmọ mi wá ilẹ̀kùn sínú orin. Orin tí o mọ̀ láti òkè délẹ̀ nìkan, ilé onílẹ̀kùn kan ni. Tí o bá bọ́ síta láàárín, o ní láti yí gbogbo ilé ká lọ sí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, ìjọ kò sì ní dúró dè ọ́. Roger Chaffin, onímọ̀ nípa ọkàn kan, tẹ̀ lé atẹ-píánò kan tó ń jẹ́ Gabriela Imreh láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́ Bach kan títí tó fi kọ́ ọ yanjú. Ó rí i pé obìnrin náà to àwọn àmì sọ́kàn káàkiri inú iṣẹ́ náà, tó ń fọkàn kàn wọ́n bó ṣe ń lọ, tó sì lè gbá ọ̀kọ̀ọ̀kan mú tí ọwọ́ bá yẹ̀. Nínú orin tìrẹ, wá bíi ilẹ̀kùn mẹ́fà. Kọ nọ́ńbà wọn sórí àjákù bébà, dà wọ́n sínú ife, mú ọ̀kan láìwò, kí o bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ láìfọn ohunkóhun ṣáájú. Lọ́jọ́ tí o bá lè wọlé láti ibikíbi tí ọwọ́ rẹ bá mú jáde, o ò tún ní máa dúró de ègbè mọ́.

Má ṣe gbogbo rẹ̀ lálẹ́ nìkan. Ericsson, onímọ̀ nípa ọkàn, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1993, lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ violin ní ìlú Berlin. Iye wákàtí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n jù ń fi dánra wò làwọn èèyàn máa ń pariwo, wọn kì í sọ ìyókù: wọ́n ń pín ìdánrawò wọn sí ìjókòó-ìjókòó, wọ́n ń sinmi láàárín, wọ́n ń sùn dáadáa lóru, wọ́n sì tún ń rẹjú lọ́sàn-án. Ìwọ tó ti tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ láti àárọ̀, kí lo máa rí gbà sọ́pọlọ ní aago mọ́kànlá òru? Fọn díẹ̀ ní àárọ̀ kí o tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, díẹ̀ lálẹ́, kí o sì sùn.

Nígbà tí o bá ń lọ aṣọ, orin náà lè máa lọ lórí rẹ. Ní 1995, Alvaro Pascual-Leone, onímọ̀ nípa ọpọlọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn tí kò mọ píánò máa fi ìka márùn-ún tẹ nǹkan kan, wákàtí méjì lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Àwọn mìíràn kàn jókòó síwájú píánò, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kàn nìkan. Ibi tó ń darí ìka nínú ọpọlọ àwọn méjèèjì yí padà bákan náà. Àwọn tó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ̀ ọ́n jù, ìyẹn kò yani lẹ́nu, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìjókòó kan ṣoṣo pẹ̀lú píánò, àwọn tó fi ọkàn tẹ̀ ẹ́ bá wọn. Nítorí náà tí áyọ́ọ̀nù bá wà lọ́wọ́ rẹ, jẹ́ kí ìka ọwọ́ kejì máa rìn lórí tábìlì, ní E.

Ti ẹ̀rù, mo ń bọ̀ wá sọ ọ́. Ọmọ kan ti kan ilẹ̀kùn fún ẹ̀kọ́.

Nọ́ọ̀sì Ayétòrò:

Kí Ìyá tó padà dé, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ti oògùn yẹn kí ẹnikẹ́ni má baà lọ rà á ní kẹ́míìsì. Propranolol ni wọ́n sábà máa ń sọ. Oògùn ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó máa ń dí ọ̀nà mọ́ adrenaline, ìyẹn èròjà tí ara ń tú jáde nígbà ìpáyà tó ń mú ọkàn sáré tó sì ń mú ọwọ́ gbọ̀n. Òótọ́ ni pé àwọn olórin kan ń lò ó. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó ní ásímà bá gbé e mì, ó lè dí i léèémí débi ewu. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti ń lù jẹ́jẹ́ tẹ́lẹ̀ tàbí tí ìfúnpá rẹ̀ wà nílẹ̀, ó lè mú kó dákú lórí ìdúró. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, ó lè má jẹ́ kó tètè mọ̀ pé ṣúgà òun ti já wálẹ̀. Dókítà ló ń kọ ọ́ fún èèyàn lẹ́yìn tó bá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ yín rárá.

Ọmọ Àyàn Ẹ̀rìn:

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni mo wà, inú ilé ìlù ni wọ́n bí mi sí. Mo ka ọ̀rọ̀ Ìyá Dùùrù, ó sì wọ̀ mí lára. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó yàtọ̀ lọ́dọ̀ tiwa.

Ìyá ń bá arákùnrin yìí tún yàrá rẹ̀ ṣe. Lọ́dọ̀ wa, kò sí yàrá. Ọmọ tó bá ti lè gbé omele kọ́rùn, ó ti ń bá àwọn bàbá rẹ̀ jáde nìyẹn. Ìsọmọlórúkọ ni o, ìsìnkú ni o, òde egúngún ni o, ibẹ̀ ló ti ń kọ́ ọ. Ohun kan náà ni wọ́n máa fún un pé kó máa lù, kò sì gbọ́dọ̀ kúrò lórí rẹ̀, òjò ì báà máa rọ̀, àwọn oníjó ì báà máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò sí ọjọ́ kan tí wọ́n máa sọ fún un pé òní ni wàá kọ́kọ́ lù fún èèyàn. Èèyàn ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ìdí nìyẹn tí ojú èèyàn kì í fi í bà wá lẹ́rù.

Èkejì, ẹnu la kọ́kọ́ fi ń lu ìlù. Bàbá á sọ ọ̀rọ̀ náà, ọmọ á sọ ọ́ tẹ̀ lé e, títí yóò fi mọ ibi tó ti gòkè àti ibi tó ti wálẹ̀, kí kọ̀ǹgọ́ tó kan awọ. Arákùnrin, orin ìkórè tí o fẹ́ fọn yẹn ní ọ̀rọ̀ nínú. Ṣé o lè fi ẹnu kọ ẹsẹ kẹta láìkọ́kọ́ kọ ẹsẹ kejì? Ṣé o lè kọ ọ́ ní ohùn tuntun tí wọ́n gbé e lọ yẹn? Tí o kò bá lè kọ ọ́, a jẹ́ pé ìka rẹ ló ń dá rìn, ìwọ kò sí níbẹ̀.

Tí ọwọ́ bá sì yẹ̀, ojú ò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Lóṣù kẹjọ tí a bá ń tẹ̀ lé Arugbá lọ sí ojúbọ Ọ̀ṣun, èrò á pọ̀ débi pé ẹni tó ń lu ìyáàlù ò ní gbọ́ ara rẹ̀ mọ́. Ọwọ́ onílù máa ń yẹ̀. Ńṣe ló máa padà sórí ìkíni kan tó ti mọ́ ọn lọ́wọ́ láti kékeré, á dúró síbẹ̀ díẹ̀, á tún wá ọ̀nà rẹ̀. Àwọn tó ń jó ò ní mọ̀. Ojú onílù ni èrò fi ń mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Fèrè Òkè-Fìà:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣé gan-an. Nọ́ọ̀sì, mo ti gbọ́, n kò ní fọwọ́ kan oògùn yẹn. Bàbá onílù, mo gbìyànjú láti kọ ẹsẹ kẹta lẹ́nu ní G báyìí báyìí, ìlà àkọ́kọ́ kọ̀ láti jáde. Ẹnu yà mí. Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ti ẹ̀rù àti ti bàbá díákónì.

Ìyá Dùùrù:

N kò gbàgbé. Ọmọ Àyàn, ẹ kú ọ̀rọ̀ gidi. Ti kí ó kọ ọ́ lẹ́nu, mo gbà pátápátá. Ibì kan ṣoṣo ni mo ti yà díẹ̀: ọmọ omele kì í dá wà. Ìyáàlù wà níwájú rẹ̀, àwọn ìlù yòókù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tó bá ṣì í, wọ́n ti bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó dá fèrè gbé síwájú máìkì, kò sẹ́ni tó máa bò ó. Ìdí nìyí tí mo fi ní kó fi yàrá ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ jàre níbi tó ṣe kókó jù, pé kò yẹ kí ojú èèyàn jẹ́ ohun tuntun lọ́jọ́ tó le jù.

Nítorí náà, ọmọ mi, má jẹ́ kí ìkórè jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́. Pe àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ ní ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n dáwọ́ dúró díẹ̀, kí o fọn ọ́n fún wọn lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ mìíràn, kí o bọ́ sí ojúde ilé yín ní ìrọ̀lẹ́, kí àwọn tó ń kọjá máa wò ọ́, kí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò máa dún. Lẹ́yìn náà, ìsìn àárín ọ̀sẹ̀ tí èrò kì í pọ̀. Albert Bandura, onímọ̀ nípa ọkàn tó kọ̀wé nípa ìgbàgbọ́ tí èèyàn ní nínú agbára ara rẹ̀ ní 1977, sọ pé ohun tó ń gbé ìgbàgbọ́ náà ró jù ni pé kí èèyàn ti ṣe nǹkan náà rí kó sì bọ́ sí i. Àdúrà àti ọ̀rọ̀ ìyànjú dára, mo máa ń fún àwọn ọmọ mi ní méjèèjì, ṣùgbọ́n ara máa ń béèrè ẹ̀rí.

Má retí pé kí àyà rẹ má lù. Vladimir Horowitz, ọ̀kan nínú àwọn atẹ-píánò tó lókìkí jù láyé, kúrò lórí ìtàgé ní 1953, kò sì padà títí di 1965, ìpáyà sì wà lára ohun tó ń bá a fínra. Mímọ orin kì í pa ẹ̀rù. Ohun tí o lè ṣe ni kí o mọ bí a ṣe ń fọn fèrè pẹ̀lú àyà tó ń lù. Sáré gun àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta, kí o gbé fèrè lójú ẹsẹ̀, kí o fọn ìlà àkọ́kọ́. Èémí á kúrú, ọwọ́ á gbọ̀n díẹ̀. Kọ́ bí o ṣe ń wọlé nínú ipò yẹn gan-an, pẹ̀lú èémí tí Kàkàkí kọ́ ọ.

Ohun tí o bá sọ fún ara rẹ pẹ̀lú ní agbára. Alison Wood Brooks, olùwádìí ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí kan tó jáde ní 2014. Ó ní kí àwọn èèyàn kọrin níwájú ẹlòmíràn. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ síta pé ara àwọn ti wà lọ́nà, inú àwọn ń dùn sí i, kọ ọ́ dáadáa ju àwọn tó sọ pé ẹ̀rù ń ba àwọn. Ó tún rí i nínú ìwádìí náà pé ó sàn kí èèyàn sọ bẹ́ẹ̀ ju kó máa fipá mú ara rẹ̀ balẹ̀ lọ. Àyà tó ń lù fún ẹ̀rù àti èyí tó ń lù fún ayọ̀, ìlù kan náà ni wọ́n ń lù. Tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ, sọ ọ́ lábẹ́nu pé "mo ti ń retí èyí".

Tí o bá ti bẹ̀rẹ̀, má fọkàn sí ìka. Gabriele Wulf, olùwádìí nípa bí ara ṣe ń kọ́ iṣẹ́, ti ṣe ọ̀pọ̀ ìwádìí tó fi hàn pé ẹni tó bá fọkàn sí ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ máa ń ṣe dáadáa ju ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ. Mú ìjókòó kan lẹ́yìn pátápátá, kí o máa fọn orin náà ránṣẹ́ síbẹ̀. Ìka tí o ti kọ́, jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Bàbá díákónì wàyí. Lọ kí wọn nílé. Dọ̀bálẹ̀, jókòó, sọ fún wọn pé o fẹ́ fọn orin ìkórè fún wọn kí ọjọ́ náà tó pé, kí wọ́n lè sọ ohun tí wọ́n bá gbọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń gbádùn orin nìyẹn, ọwọ́ ní àyà. Kódà tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìlú tí a wà yìí ti rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Dúró Ládípọ̀, òṣèré orí ìtàgé, gbé ìlù wa wọ inú orin Àjíǹde tó kọ fún ṣọ́ọ̀ṣì, inú àwọn kan nínú ìjọ kò dùn sí i. Kò gbé ìlù sílẹ̀. Ní 1962, Mbari Mbayo, ilé àwọn oníṣẹ́ ọnà àti òṣèré, ṣí níbí ní Òṣogbo, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń ṣeré níbẹ̀ níwájú ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò. Mo máa ń rántí rẹ̀ tí mo bá rí ojú tó le níwájú mi, mo sì máa ń tẹ dùùrù mi lọ.

Fèrè Òkè-Fìà:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti ń gba ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ bí Ìyá ṣe wí, mo sì ti ń kọ ọ́ lẹ́nu bí bàbá onílù ṣe wí. Mo rí nǹkan kan tí n kò mọ̀ rí. Ẹsẹ kẹta tí mo ń bú yẹn, ibẹ̀ kọ́ ló ti ń bàjẹ́. Nínú fóònù, mo gbọ́ ọ pé ìlà tó parí ẹsẹ kejì ni mo ti ń sáré, n kò sì mí níbẹ̀ rárá. Ẹ̀rù E tó ń bọ̀ ló ń lé mi. Tí mo bá wá dé ẹsẹ kẹta, kò sí èémí nínú mi mọ́, ìgbà yẹn ni àgbọ̀n á fún fèrè mọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń kọ ọ́ lẹ́nu, mo máa ń mí níbi tí gbólóhùn ti parí, láìronú. Ṣé ibẹ̀ náà ni kí n máa mí lórí fèrè?

Mo ti fọn ọ́n fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Àyà mi lù o, ṣùgbọ́n mo wọlé padà láti ilẹ̀kùn kẹrin nígbà tí mo ṣì í. Mo fẹ́ lọ kí bàbá díákónì lọ́jọ́ Sátidé.

Kàkàkí Ìgbọ̀nà:

Ibẹ̀ gan-an ni. Ẹ fi pẹ́ńsù gbòòrò sàmì sí i lórí bébà, kí ẹ máa mí níbẹ̀ nígbà gbogbo, títí kan ìgbà tí ẹ bá ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ tún wo ìka yín. Nínú ohùn D, nóòtì F àti C nìkan ló jẹ́ ṣáàpù, ìyẹn ni pé a gbé wọn sókè díẹ̀. Nínú ohùn E, nóòtì G àti D ti dara pọ̀ mọ́ wọn, ìka ọmọńdinrín ló sì ń ṣe méjèèjì: tòsì fún G, tọ̀tún fún D. Tí ara bá le, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń dákú. Nígbà tí ẹ bá ń fa èémí yẹn, ẹ gbé ìka ọmọńdinrín méjèèjì wá sórí kọ́kọ́rọ́ wọn, kí wọ́n ti wà níbẹ̀ kí ẹsẹ kẹta tó bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Dùùrù:

Kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ohun kan kù. Bá olórí akọrin sọ̀rọ̀ kí ẹ fẹnu kò lórí iye ìlù tí ẹ máa dúró láàárín ẹsẹ kejì àti ìkẹta, kí ọ̀rẹ́ rẹ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù sì mọ̀ ọ́n, kí ó lè tẹ ohùn G fún ọ kí o tó wọlé. Tí wọn ò bá fún ọ láyè láti mí níbẹ̀, sọ fún wọn pé o nílò rẹ̀. Kí ẹ dán an wò pọ̀ kó tó di ọ̀sẹ̀ ìkórè.